Mo Jókòó Wo Ìbínú Mi

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ìyá mi pè mí lórí fóònù, n kò gbé e. Nígbà tí mo ṣe tán, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp pé, ‘E kaaro Ma. Asaro ni mo n se ni mi o fi gbe ipe yin.’ Ìkánjú ni mo fi kọ ọ́, n kò sì fi àmì ohùn kankan sí i, èmi tí mo lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì tí mo ń kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí èsì fi dé: ‘O se daadaa. Se o ku die fun mi?’

Iṣu ni ìyá mi rò pé mo ń sè. Bí a bá yọ àmì kúrò, àṣàrò tí à ń fi ọkàn ṣe àti àsáró tí à ń fi epo àti ata sè kò yàtọ̀ síra mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe oúnjẹ, pé ńṣe ni mo jókòó, mo di ojú, mo ń ṣàkíyèsí èémí mi. Ó pẹ́ kí èsì kejì tó dé. Wọ́n ní, ‘Ta ló fi ọ̀nà yẹn hàn ọ́?’

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Àárín èmi àti ìyá mi kò gún ní àkókò náà, ẹ̀bi mi sì ni.

Ọ̀tọ̀ ni ìyá mi ń gbé. Èmi háyà yàrá kan ní Okokomaiko, nítorí pé ara mi ti mọ́ àdúgbò náà láti ìgbà tí mo ti wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Badagry mọ ohun tí ojú wa ti rí lórí rẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti mú ọ̀nà náà gbòòrò ní 2009. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣètò pé yóò dé Okokomaiko bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n láti Marina dé Mile 2 ni. Láti Mile 2 wá sí ọ̀dọ̀ wa, dánfó ni à ń wọ̀.

Nínú dánfó kan bẹ́ẹ̀ ni mo wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láàárín Volks àti Ìyànà-Ìbà. Ilé iṣẹ́ kan tó jẹ mí lówó iṣẹ́ oṣù méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé kí n tún ní sùúrù ni. Ìyá mi pè. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju pé ṣé mo ti jẹun. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan, n kò dáhùn. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo sì jágbe mọ́ wọn pé, ‘Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre!’

Gbogbo ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Kọ̀ndọ́ pàápàá, tí kò tíì pa ẹnu dé láti Mile 2, dákẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn rọra gbé báàgì wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sórí itan wọn. Ojú tì mí débi pé mo sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tèmi, mo sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ ìyá mi. Wọ́n ní, ‘Kò burú.’ Ẹ̀yin náà mọ ‘kò burú’ àwọn ìyá wa. Ó burú.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni pé n kò mọ ibi tí igbe náà ti wá. Bí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀ sí ìyá mi bẹ́ẹ̀, èmi ni yóò kọ́kọ́ dìde sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ni ó ti jáde, kí n tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Níbo ló wà kí ó tó dé ẹnu mi? Ìgbà wo ló gbéra? Ìbéèrè wọ̀nyí ló gbé mi dé ìdí àṣàrò. Kì í ṣe pé mo ń wá àlàáfíà bíi ti àwọn arẹwà tó máa ń dijú lẹ́bàá òkun nínú àwòrán. Mo ń wá ẹni tó jágbe mọ́ ìyá mi ni.

Ọ̀rọ̀ náà, àṣàrò, kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ṣe aṣáájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Àṣàrò tibẹ̀ ni pé kí ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ kan sí ọkàn, kí ó máa yí i sọ́tùn-ún sósì. Èyí tí mo ń sọ yàtọ̀ díẹ̀. Nínú rẹ̀, a kò ronú lórí nǹkan kan. Ẹni tó ń ronú gan-an ni à ń wò. Ènìyàn á jókòó, á di èémí rẹ̀ mú bí ẹni tó di okùn mú nínú òkùnkùn, á sì máa kíyè sí ohun tó bá ń wọlé àti ohun tó bá ń jáde: èrò, ìrántí, ara yíyún, ebi, ìbínú. Kò ní lé wọn, kò ní bá wọn jà, kò sì ní tẹ̀ lé wọn lọ sọ́jà.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo fi ṣe ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Okokomaiko mọ̀ pé kì í sùn, ó kàn máa ń tòògbé ni. Ohùn ìpè ìrun ń ti mọ́sáláṣí wá, ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì kan kò tíì parí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń kọ́, kọ̀ndọ́ sì ti ń pariwo lójú títì pé, ‘Mile 2! Mile 2! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!’ Mo ti rò pé ariwo yìí ni yóò dí mi lọ́wọ́. N kò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà ìbínú sí ilé iṣẹ́ tó jẹ mí lówó, mo ti borí nínú àríyànjiyàn kan tó ti pé ọdún mẹ́fà, mo ti rántí pé kò sí àlùbọ́sà nílé, àtẹ́lẹsẹ̀ òsì mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo lajú wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni mo ti lò.

Kì í ṣe èmi nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Harvard, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n lo fóònù láti bi àgbàlagbà 2,250 léèrè, ní àsìkò tí àwọn yẹn kò retí, pé kí ni wọ́n ń ṣe, kí ni wọ́n ń rò, báwo sì ni inú wọn ṣe rí. Nínú ìdá 46.9 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn náà, ọkàn ẹni tí wọ́n bi kò sí níbi ohun tó ń ṣe. Inú àwọn ènìyàn kì í sì í dùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkàn wọn bá rìn lọ. Kódà nígbà tó jẹ́ ohun dídùn ni wọ́n ń rò, ayọ̀ wọn kò ju ti ìgbà tí ọkàn wọn wà níbi iṣẹ́ wọn lọ.

Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá ni ohun kan yé mi, tí bóyá kì bá tí yé mi bí kì í bá ṣe iṣẹ́ tí mo kọ́. Mo jókòó, ọ̀rọ̀ owó mi tún wá sí mi lọ́kàn, àyà mi gbóná, mo sì gbọ́ tí mo ń sọ nínú ara mi pé, ‘Inú ń bí mi.’ Mo ti sọ gbólóhùn yìí láìmọye ìgbà láyé mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì. Ta ni olùwà gbólóhùn náà? Kì í ṣe èmi. Inú ni olùwà. Èmi, tí mo rò pé mo ni ìbínú, àbọ̀ lásán ni mí. Òyìnbó a máa sọ pé òun ni oníbìínú, bí ìgbà tí ènìyàn àti ìbínú bá di ẹyọ kan. Àwa kì í sábà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú ń tì mí. Ebi ń pa mí. Oorun ń kùn mí. Àárò ìyá mi ń sọ mí. Nínú gbogbo rẹ̀, nǹkan kan ló dé, tó ń ṣe nǹkan sí mi. Ayọ̀ pàápàá, inú mi ni mo ń sọ pé ó dùn, n kì í sọ pé èmi ni mo dùn.

Olùkọ́ wa kan máa ń kìlọ̀ pé kí a má sọ gírámà di Ifá, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ebi ń pa kò dúró wo ta ni olùwà kí ó tó wá oúnjẹ lọ. Èdè yìí náà sì ni mo fi jágbe nínú dánfó; olùwà tàbí àbọ̀, kò dá mi dúró. Àbọ̀ ni ẹni tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí, kò sì sí iyì kankan nínú pé kí ìbínú máa fi ènìyàn gbálẹ̀ kiri.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn mìíràn wà tí a lè sọ: ‘Mo rí i pé inú ń bí mi.’ Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ti di olùwà. Ìbínú kò lọ, ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ooru rẹ̀, ṣùgbọ́n odindi rẹ̀ ti di ohun tí mò ń rí. Lójú tèmi, gbogbo iṣẹ́ àṣàrò kò ju pé kí ènìyàn ti inú gbólóhùn àkọ́kọ́ bọ́ sínú ìkejì, kí ó sì tètè bọ́ síbẹ̀ kí ẹnu tó là.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo wo ìbínú mi dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Eyín mi wà nínú ara wọn. Ooru kan gun àyà mi wá sí ọrùn. Èémí mi kúrú. Mo ń retí pé yóò gbà mí lódindi òwúrọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan bọ́ ọ. Ó ga sí i, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, kò sì tó àkókò tí dánfó fi ń kún ní Ìyànà-Ìbà kí ó tó ku díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wá rí ohun tó wà nísàlẹ̀: ẹ̀rù. Ẹ̀rù owó ilé ń bà mí. Nítorí ẹ̀rù owó ilé ni mo ṣe jágbe mọ́ ẹni tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ìlànà yìí ti pẹ́ láyé. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn Buddha, láti ilẹ̀ Íńdíà. Nínú àwọn tó mú un dé ọ̀dọ̀ ará ayé lónìí, ẹni tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ jù ni S. N. Goenka, nítorí oníṣòwò ni. Wọ́n bí i ní Mandalay ní ilẹ̀ Burma ní 1924. Orí fífọ́ burúkú kan ń dà á láàmú, ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ U Ba Khin ní 1955. Iṣẹ́ ọba ni U Ba Khin fúnra rẹ̀ ń ṣe, òun ni olùṣirò owó àgbà fún ìjọba Burma, tó sì tún ń kọ́ àwọn ènìyàn ní àṣàrò. Ní 1969 ni Goenka gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Íńdíà, ibẹ̀ ló sì ti tàn ká ayé kí ó tó kú ní 2013. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni ẹ̀kọ́ wọn, láìsí ọ̀rọ̀ sísọ, ìjókòó nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Wọn kì í sì í gba owó, ọrẹ àwọn tó ti parí ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn tuntun. N kò tíì lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀, kí ará Èkó kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan dán ara rẹ̀ wò ná.

Àwọn oníṣègùn náà ti mú un lò. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fún àwọn aláìsàn tí ìrora wọn kò gbọ́ oògùn. Kò fi ẹ̀sìn kankan sí i. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan kó àbájáde ìdánwò 47 jọ, tí ènìyàn 3,515 kópa nínú wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú JAMA Internal Medicine. Wọ́n rí i pé àṣàrò dín àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìrora kù níwọ̀nba, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí pé ó dára ju oògùn tàbí eré ìdárayá lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ń wo gbogbo àrùn sàn, ọjà ló ń tà.

Ní ti ilẹ̀ wa níbí, ìtàn Àwórì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá jókòó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnmińire àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ifẹ̀, wọ́n gbé àwo kan sórí omi, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e. Ibi tí ó bá rì sí ni wọn yóò tẹ̀dó. Ìṣẹ̀rì ni ó rì sí, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé, ‘Àwo rì’, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Gbogbo wa tí à ń gbé ní Ọ̀tọ̀, Ìbà àti Ọ̀jọ́, orí ilẹ̀ àwọn ọmọ àwo yẹn ni a wà. Ohun tó wù mí nínú ìtàn náà ni iṣẹ́ tí àwọn arìnrìn-àjò náà ń ṣe lẹ́bàá odò: wíwò ni. Wọn kò fa àwo náà, wọn kò tì í. Èmi náà máa ń gbé èrò kọ̀ọ̀kan sórí omi bẹ́ẹ̀, kí n sì máa wò ó lọ títí yóò fi rì. Àwọn mìíràn kì í tètè rì. Ti owó ilé léfòó pẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má ra nǹkan kan. Àga onígi tó wà nílé tó. Ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ yín tẹ ilẹ̀, kí ẹ̀yìn yín nà ṣùgbọ́n kí ó má le, kí ọwọ́ wà lórí itan. Ẹ di ojú, tàbí kí ẹ wolẹ̀. Ẹ wá ibi tí èémí ti hàn sí yín jù, ihò imú tàbí ikùn, kí ẹ fi ọkàn síbẹ̀. Ẹ má fà á gùn, ẹ má kì í kúrú. Bó ṣe ń lọ ni kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọkàn yóò sá lọ. Nígbà tí ẹ bá rí i pé ó ti lọ, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ dárúkọ ibi tí ó lọ nínú ara yín, ‘èrò’, ‘ẹ̀rù’, ‘ara yíyún’, kí ẹ sì mú un padà sórí èémí láìbá a wí. Bí ẹ bá mú un padà ní ogún ìgbà nínú ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ kò kùnà. Mímú un padà yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo máa ń ṣe é nínú dánfó náà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ojú mi máa ń là sílẹ̀ kedere, nítorí báàgì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la ohun líle kọjá, ẹ fi ìṣọ́ra ṣe é. Nígbà tí ariwo bá dínkù, ohun tí a ti bò mọ́lẹ̀ lè jí. Bí ìjókòó yín bá ń mú ìpayà tàbí ìrántí tí kò ṣeé gbà mọ́ra wá, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì lọ bá oníṣègùn. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ wà ní Yaba, kì í sì í ṣe ẹni tó ń já ewé jẹ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé mo ti di ẹni àtàtà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àbúrò mi ọkùnrin gbé ṣájà mi lọ láìsọ fún mi. Mo là á lẹ́nu pé, ‘Ṣé orí ẹ…’, ibẹ̀ ni mo ti rí ooru náà lọ́rùn mi. Gbólóhùn náà kò parí. Àbúrò mi dúró, ó ń retí ìyókù. Nígbà tí kò rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì dá ṣájà padà.

Ó ku ìyá mi. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé ẹni tó bá sọ ọkàn rẹ̀ di òfìfo, ẹ̀mí mìíràn lè gba ibẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ọkàn tèmi kò ṣófo rí, pé ó kún bí ọjà Alábà. Mo sọ fún wọn nípa Àlàájì aládùúgbò mi, tí wọ́n máa ń jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Èyí kò ràn mí lọ́wọ́. Níkẹyìn, wọ́n ní kí n wá ṣe é lójú àwọn.

Ní òru ọjọ́ Sátidé kan, mo sùn sí Ọ̀tọ̀. Ní ìdájí, ìyá mi jókòó sórí àga wọn pẹ̀lú Bíbélì, èmi jókòó sórí àpótí níwájú wọn. Mo di ojú. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé, mo gbọ́ ìgbà tí wọn kò ṣí i mọ́, mo sì mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń wò. Ẹ̀rù bà mí, mo wò ó. Àkùkọ kan kọ. Nígbà tí mo lajú, ìyá mi ti pa Bíbélì dé.

‘Kí lo rí?’

‘Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Ẹ̀rù ń bà mí pé inú yín kò tíì yọ́ sí mi láti ọjọ́ yẹn.’

Wọ́n tún ìdè ìró wọn ṣe. Ó pẹ́ díẹ̀.

‘Inú bí mi lọ́jọ́ náà, lóòótọ́,’ ni wọ́n wí. ‘Ó ti lọ.’

Wọ́n dìde, wọ́n sì kọjú sí ilé ìdáná. ‘Wá bá mi bẹ iṣu.’